Wọ́n Ní Kí N Páàkì

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àbójútó ilé. Ara mi le. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa wí fún àwọn èèyàn pé ọmọ yìí ti gbàgbé òun. N ò gbàgbé yín. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì, "hẹ́lò, hẹ́lò" nìkan lẹ̀ ń sọ títí ẹ fi gé fóònù mọ́ mi létí. Ìyẹn ni mo ṣe padà sí bírò àti pépà. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, mo máa ń jókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ ni, títí n ó fi gbàgbé ohun tí mo fẹ́ dìde ṣe.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé iwájú ilé tí mò ń gbé ni mo máa ń páàkì trélà mi sí. Kì í ṣe ojú títì ńlá. Àdúgbò tí àwọn èèyàn ń gbé ni, àwọn ilé kéékèèké tó fara ti ara wọn, trélà náà sì gùn ju mẹ́ta nínú wọn lọ. Gáréèjì ilé iṣẹ́ wa jìnnà, wákàtí kan àtààbọ̀ ni bọ́ọ̀sì fi ń débẹ̀, nítorí náà mo ń gbé e bọ̀ wálé. Ọdún méjì nìyí, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bá ìwé ìjọba kan lára gíláàsì iwájú. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ mọ́kànlélógún kí n gbé e kúrò, wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ dúró sáàárín ilé.

Obìnrin tó ń gbé ní òdìkejì ló lọ fẹjọ́ sùn. Ó ní bí mo bá ti tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì ọmọ òun á máa gbọ̀n, àti pé oòrùn ò wọ yàrá òun mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. A máa ń kí ara wa o. Mo bá a gbé ẹrù wọlé rí. Kò lè wá sọ fún mi lójú. N ò tiẹ̀ bínú. Mo ka ìwé náà, mo ká a, mo fi sápò.

Etí yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń fi omi fọ lọ́rì Bàbá bí ẹni ń wẹ ọmọ?

Ọmọ yín,
Onítrélà


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àkọ́bí mi, onítrélà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo kí bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Bọ́ ọ kí o tó jókòó. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ, inú bí mi. O fẹ́ kí n bá ọ bínú sí obìnrin yẹn, ìwọ gan-an ni mo bínú sí. O gbé trélà tó gùn ju ilé mẹ́ta lọ dí ojú fèrèsé abiyamọ, o wá ń retí kó wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́? O ní o bá a gbé ẹrù wọlé rí. O bá a gbé ẹrù, o gba oòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o kò bá tíì gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níbẹ̀, gbé e lónìí, ọjọ́ mọ́kànlélógún ti pé.

Ohun tó bá ojú ti bá imú, ìyẹn ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ṣí ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì pamọ́ sí ní òpin àdúgbò wa. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ti ń tò, wọ́n ń tò bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, èmi tí etí mi ò gbọ́ràn, àyà ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ògiri yàrá tí mo ti ń ránṣọ ti sán láti òkè dé ilẹ̀, ìka mi ń wọ inú rẹ̀. Eruku ń bà lé aṣọ oníbàárà kí n tó rán ọrùn rẹ̀ tán. Obìnrin kan gbé aṣọ dúdú wá, eérú ló gbà padà.

Mo lọ bá dírẹ́bà kan. Mo ní, "Ọmọ mi, sún un síwájú díẹ̀, jẹ́ kí n ráyè ṣí fèrèsé." Ó ní, "Màmá, a ti sanwó ibi tá a dúró sí." Mo ní ta lẹ sanwó fún? Ó nawọ́ sí àbúrò bàbá rẹ, tó jókòó síwájú ilé pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Bàbá kékeré rẹ, tí mo wẹ̀ fún nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé yìí! Ilé ẹbí ni, n ò lè sọ pé tèmi ni. Èmi kàn ń gbé inú rẹ̀ ni.

Lọ́rì bàbá rẹ ló wá ń jẹ ẹ́ lára báyìí. Ó ní ibi tó dúró sí gba ọkọ̀ méjì, kí n jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ kúrò. Mo ní rárá. Bàbá rẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ páàkì rẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn la gbé òkú rẹ̀ jáde nílé. Kí lo rí sí i?

Bá mi wá jígí ojú tó ń jẹ́ kí ihò abẹ́rẹ́ tóbi. Eléyìí tí mò ń lò, bóyá ni kò jẹ́ pé òun gan-an ló fọ́ mi lójú.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Màmá,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ tọ̀nà, mo ti gbé e kúrò. Gáréèjì ni mò ń páàkì sí báyìí. Mo gbìyànjú àtimáa wọ bọ́ọ̀sì lọ, kí n máa wọ̀ ọ́ bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ni ara mi kọ̀ ọ́. Nítorí náà, inú ọkọ̀ ni mò ń sùn ní ọjọ́ márùn-ún nínú méje. Bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn ìjókòó dírẹ́bà, ó fẹ̀ tó tábìlì tí ẹ fi ń lọṣọ. Nínú gáréèjì, ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń tò sí, èmi àtàwọn yòókù. Láàárọ̀, gbogbo wa á jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni.

Obìnrin náà kí mi lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí mo wá mú aṣọ. Ó ní òun dúpẹ́. Mo ní kò tọ́pẹ́. Ọmọ rẹ̀ juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. N ò mọ ohun tó yẹ kí n rò, n ò sì rò ó.

Ní ti lọ́rì Bàbá, irin ni, Màmá. Táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e. Ẹ má torí rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà.

Mo ti fi jígí ránṣẹ́. Ẹ sọ fún mi bó bá bá ojú yín mu.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Jígí dé. Mo fi wo ojú ara mi, mo rí i pé mo ti darúgbó, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Ó dára gan-an. Ihò abẹ́rẹ́ tóbi tó ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run á máa fún ọ ṣe.

O ní irin ni lọ́rì bàbá rẹ. Irin náà ló rán ọ lọ sílé ìwé. Ẹni tó ń sùn nínú irin ló ń fi irin wọ́lẹ̀. Ó dáa, mo ti gbọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kọjá ibẹ̀. Bàbá kékeré rẹ wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì. Kò jókòó. Ó ní kí n páàkì. Ó ní mò ń bá àwọn onímọ́tò jà, mò ń lé wọn lọ, òun ò sì lè máa wá ojúure wọn kí n máa bà á jẹ́. Ó fún mi di ìparí oṣù karùn-ún. Mo ní n ò páàkì. Ló bá pe ẹbí jọ. Ẹnu wọn ò kò. Àwọn kan ní kí n páàkì kí àlàáfíà lè jọba. Àwọn kan ní rárá, wọ́n ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni mí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọjọ́ kan. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, ló gbè mí lẹ́yìn jù. Òun ló sọ pé ọmọ mi ọkùnrin wà láyé, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Mo dìde, mo fọwọ́ sọ̀yà lójú gbogbo wọn. Mo ní ohun tí ọmọ mi bá wí ni n ó ṣe. Bí ó bá ní kí n páàkì, n ó páàkì. Bí ó bá ní kí n má páàkì, ẹ ó máa bá mi níbí. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Kódà bàbá kékeré rẹ gbà.

Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi dáadáa látìgbà náà. Mo máa ń jókòó, mo máa ń wo àwọn nǹkan inú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà kọ̀wé kíá, má jẹ́ kó gùn. Sọ ojú abẹ níkòó: kí n páàkì tàbí kí n má páàkì.

Ìyá rẹ tó ń retí rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ti ń kọ èyí, wọ́n ń já ẹrù lẹ́yìn mi, bí wọ́n bá já a tán n ó gbéra.

Ẹ ní kí n sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ páàkì. Ẹ má bá wọn fà á mọ́. Wọ́n ní kí èmi náà páàkì síbòmíràn, mo ṣe é, ọ̀run ò já lulẹ̀. Ilẹ̀ wọn ni, bí wọ́n bá ń fẹ́ àyè, ẹ fún wọn ní àyè. Ẹ ka lẹ́tà yìí fún wọn kí ọ̀rọ̀ náà lè parí: èmi, ọmọ, mo ní kí ìyá mi páàkì.

Wọ́n ti já a tán.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ ò dáhùn. Oṣù kan àtààbọ̀ nìyí. Mo ń wo àpótí lẹ́tà ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìwé iná mànàmáná ló ń wà níbẹ̀. Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni? Bó bá jẹ́ torí lọ́rì ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó tán nínú yín. Níbo lẹ wá páàkì rẹ̀ sí? Ṣé wọ́n wọ́ ọ lọ tán pátápátá ni, àbí ó wà nítòsí ibi tí ẹ ti lè máa rí i?

Wọ́n ti fún mi ní trélà tuntun. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ kọ́kọ́ lọ sílé, wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó rántí mi.

O bi mí pé níbo ni mo páàkì lọ́rì sí. Lọ́rì ò kúrò níbi tó wà. Èmi ni mo páàkì.

Ohun tí o wí ni mo rò pé mo ṣe. Yàrá kan wà lẹ́yìn ààrò Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọ̀rẹ́ mi tí mo máa ń rán aṣọ iṣẹ́ fún. Ibẹ̀ ni mo wà. Ògiri kan níbẹ̀ máa ń gbóná látàárọ̀, mo gbé bẹ́ẹ̀dì jìnnà sí i, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sún mọ́ ọn. Àyè tó kù ò ju ibi tí mò ń na ẹsẹ̀ sí lọ. Ọmọláńkẹ́ kan ṣoṣo ló kó ẹrù mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ tó bọ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé ẹni tó gbé ibì kan fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹrù rẹ̀ á jù bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ka lẹ́tà rẹ ní ìpàdé. Bàbá kékeré rẹ fúnra rẹ̀ ló kà á. Ó kà á dáadáa, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò. Ó ń dúró níbi tó yẹ kó dúró. Ó kà á sókè kí n lè gbọ́. Nígbà tó dé ibi tí o ti ní, "èmi, ọmọ, mo ní kí ìyá mi páàkì," ìyá àgbà bojú wolẹ̀. Ó ní, "Ó ti parí nìyẹn. Ta ni ó tún gbẹjọ́ rẹ̀ rò nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀?" Kò sí ẹni tó bá mi wí. Wọ́n ní kí n rọra máa lọ.

Bàbá kékeré rẹ ní kí lọ́rì náà máa wà níbẹ̀. Ó ní kò dí òun lọ́wọ́ mọ́, òun ti ní àyè tó.

Má dààmú. Ara mi ò dùn mí. Kò dùn mọ́ mi náà. Mò ń ránṣọ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje

Màmá, Màmá, Màmá,

Lọ́rì ni mo sọ. Lọ́rì ni mo sọ o! Nígbà tí ẹ kọ̀wé pé wọ́n ní kí ẹ páàkì, ojú kan ni mo fi kà á. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni páàkì. Páàkì síwájú, páàkì sẹ́yìn, má páàkì síbí, ta ló páàkì síbẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ yẹn kan náà la fi ń sọ pé èèyàn kó ẹrù jáde nílé. Ẹni tó gbé ọkọ̀ dúró, ó páàkì. Ẹni tí wọ́n lé jáde, òun náà páàkì. Kí ló dé tí ẹ ò kọ "kó jáde"? Kí ló dé tí èmi ò kọ "ẹ gbé lọ́rì"? Wọ́n ti sọ fún wa tipẹ́ pé ẹyin lohùn.

Mo pe Bàbá kékeré lórí fóònù. Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi dópin, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ara rẹ lo fi kọ ọ́." Mo ní àṣìṣe ni. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé kì í ṣe àṣìṣe.

Mo ti kọ lẹ́tà mìíràn sí gbogbo ẹbí, orúkọ ìyá àgbà ni mo kọ sára àpò rẹ̀ kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo kọ ọ́ ní gbangba: kí ìyá mi padà sínú yàrá rẹ̀, kí wọ́n sì lé àwọn ọkọ̀ yẹn kúrò lójú fèrèsé rẹ̀. Ẹ palẹ̀ mọ́, Màmá. Ẹ padà sílé.

Lẹ́yìn tí mo fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, mo jókòó sínú trélà, mo pa ẹ́ńjìnnì, n ò sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé n ó sunkún. Ẹkún ò wá. Ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú téèyàn ò mọ̀ pé òun tẹ ilẹ̀, àmọ́ gbogbo ara ló ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jẹ̀bi yín. Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Lẹ́tà tí o kọ sí ẹbí dé. Ìyá àgbà ní kí wọ́n pe gbogbo èèyàn jọ, wọ́n sì kà á. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní ọmọ gidi ni ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ojú ara wọn, torí pé wọ́n ti wó yàrá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, àti èyí tí mo ti ń ránṣọ. Ògiri tó ti sán, kò pẹ́ kó tó wó. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń páàkì síbi tí mo ti ń sùn. Nítorí náà má kọ̀wé pé kí n padà mọ́. Kò sí ibi tí mo lè padà sí.

Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Dírẹ́bà kan kí mi, ó ní, "Màmá, ta lẹ̀ ń wá?" Mo ní n ò wá ẹnikẹ́ni.

Mo ti dárí jì ọ́. Mo fẹ́ kó yé ọ pé mo ti dárí jì ọ́ kí n tó sọ èyí tó kù. Tí n ò bá sọ ọ́, á máa gún mi nínú.

Má di ẹ̀bi ru ọ̀rọ̀ yẹn. Páàkì ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà tí o fi ní kí n páàkì dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kí n tó gbé e fún wọn. Nígbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ti ń ṣe mí bíi pé lọ́rì ni ọmọ yìí ń sọ. Mo mọ̀ ọ́, mo mọ bí o ṣe ń kánjú kàwé láti kékeré. Mo lè ká a pamọ́. Mo lè sọ fún wọn pé kò tíì dé, kí n sì kọ̀wé bi ọ́ dáadáa. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń wá. Mò ń wá ibi tí o ti béèrè pé, "Màmá, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" Mo yí pépà náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo wá rò ó pé, bó jẹ́ lọ́rì ni o, bó jẹ́ èmi ni o, ohun kan náà ni ọmọ mi máa wí.

Mo dìde, mo lọ fún wọn.

Ìyá rẹ